Epicus Doomicus Metallicus: ẹni tó kọrin inú rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, òun gan-an ni mi ò lè gbàgbé

Arìnlóru · Ọjọ́ Ẹtì, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jókòó ti àwo orin kan ṣoṣo lónìí, ká má kàn máa to orúkọ ẹgbẹ́ olórin jọ bí a ṣe ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Epicus Doomicus Metallicus ni mo gbé wá, àwo àkọ́kọ́ tí Candlemass ti ilẹ̀ Swídìn gbé jáde lóṣù kẹfà ọdún 1986. Orin mẹ́fà péré ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú 43. Solitude ló ṣíwájú, Demon's Gate tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Crystal Ball, Black Stone Wielder àti Under the Oak, kí A Sorcerer's Pledge tó wá kádìí rẹ̀.

Níbikíbi tí mo bá ti bá àwọn tó fẹ́ràn doom metal, orin onígìtá tó wúwo, tó sì ń falẹ̀, pàdé, Nightfall ti ọdún 1987 ni wọ́n máa ń fi ṣe olórí àwọn àwo Candlemass, nítorí ohùn Messiah Marcolin tó kọrin inú rẹ̀. N ò bá Messiah jà rárá, olóhùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ti àkọ́kọ́ yìí wọni lára jù ú lọ, ẹni tó sì fà á kò tilẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ náà. Johan Längquist ni wọ́n ń pè é. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ wá kọrin, ó wá, ó kọ ọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ ò tó ti Messiah ní títóbi. Àmọ́ tó bá dé inú Solitude, ènìyàn ni mò ń gbọ́: ẹni tó ti rẹ̀ pátápátá, tó jókòó sínú yàrá lóun nìkan, tí kò sì retí kí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́ fóun.

Ṣé èmi nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni?

Àwo Dúdú · 8:40 alẹ́

Ìwọ nìkan kọ́, àbúrò mi. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnì kan dárúkọ Längquist níbí.

Kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè bá wa lọ: Leif Edling ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Òun ló ń ta gìtá béèsì, òun náà ló hun gbogbo orin tó wà nínú àwo náà. Kó tó di Candlemass, ó ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Nemesis, wọ́n sì ṣe àwo kékeré kan lọ́dún 1984. Nínú Nemesis, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọrin. Ẹ wá wo ohun tó ṣe nígbà tó dórí Epicus: ó yẹ̀ sẹ́yìn, ó wá olóhùn. Lójú mi, ìwà àgbà ni. Ẹni tó hun orin, tó sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu òun ló yẹ kó ti jáde, irú wọn ò pọ̀.

Mats Björkman ló ta gìtá tó ń gbé orin ró, Mats Ekström ló wà nídìí ìlù. Klas Bergwall, tó ta gìtá tó ń dá sọ̀rọ̀ láàárín orin, àlejò ni òun náà bíi Längquist. Nínú ènìyàn márùn-ún tí mo dárúkọ yìí, méjì ni wọ́n yá wá. Sítúdíò Thunderload ní Stockholm ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wahlquist tí wọ́n ní ẹgbẹ́ Heavy Load, Ragne Wahlquist ló sì jókòó ti ẹ̀rọ. Black Dragon, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò tà nígbà náà, Black Dragon sì jọ̀wọ́ wọn. Orúkọ àwo tí kò tà yẹn ni wọ́n fi ń pe odindi ẹ̀yà orin kan lónìí: epic doom.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, àwo dúdú olójú méjì ni. Ojú kejì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé sí i, torí Under the Oak.

Ọmọ Kúáyà · 9:05 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú mi wá síbí. Áltò ni mo ń kọ nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa, n ò mọ nǹkan kan nípa irú orin yìí.

Mo ti gbọ́ Solitude lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín. Gìtá tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tù mí lára, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń lọ. Bí ìyókù ṣe wọlé, àyà mi já. Mo wá ka ọ̀rọ̀ orin náà, mo rí i pé ẹni tó ń kọ ọ́ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun kú. Iwájú àwo, agbárí òkú nínú òkùnkùn. Orin kejì, ẹnu ọ̀nà ẹ̀mí àìmọ́. Tọkàntọkàn ni mo fi ń bi yín, n ò wá bú ẹnikẹ́ni: kí lẹ rí nínú rẹ̀ tí ẹ fi ń gbọ́ ọ lóru?

Okùn Mẹ́fà · 9:31 alẹ́

Ẹ káàbọ̀, Sísítà. Àwọn àgbà ibí á dáhùn apá ti ọ̀rọ̀ inú orin. Ẹ jẹ́ kí èmi onígìtá mú ohun tó já yín láyà, torí ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ó dájú pé tónìkì sófà yé yín jù mí lọ. Ẹ kọ dó ìsàlẹ̀, ẹ fò sí dó òkè, kí ẹ wá sọ̀ sórí fí, ìyẹn fá tí a gbé sókè díẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń wá ibi tó máa jókòó sí tí kò rí? Ohùn mẹ́ta yẹn ni ẹgbẹ́ Black Sabbath ti Birmingham fi kọ orin tó ṣíwájú àwo wọn àkọ́kọ́ lóṣù kejì ọdún 1970. Orísun tí doom metal ti ṣàn wá nìyẹn. Àwọn onígìtá rẹ̀ tún máa ń dẹ okùn sílẹ̀. Okùn tó bá dẹ̀ máa ń gbọ̀n gbòòrò, ohùn rẹ̀ á wúwo, á sì pẹ́ kó tó kú.

Èyí tó le jù fún àwa tó ń ṣe é ni ìrìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa gbìyànjú Solitude lẹ́ẹ̀kan. A rò pé orin tó ń falẹ̀ á rọrùn. Rárá o. Tí orin bá ń sáré, àṣìṣe máa ń rí ibi sá pamọ́ sí. Níbí, láàárín ìlù kan sí èkejì, ẹ lè mí sínú kí ẹ tún mí síta, onílù tó bá kánjú díẹ̀ báyìí ti tú gbogbo rẹ̀ ká. Onílù wa ń ṣíwájú wa ṣáá. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó gbé igi ìlù sílẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé ibi tí wọn ò ti lu nǹkan kan ló máa le jù. Láti ọjọ́ yẹn, ti Ekström ni mo máa ń tẹ́tí sí nínú Epicus. Kò kánjú lọ síbì kankan.

Ọ̀gànjọ́ · 10:12 alẹ́

Sísítà Kúáyà, èmi ni mo fẹ́ dáhùn apá ti ikú.

Ọdún kẹfà rèé tí bàbá mi ti kú. Bí a ṣe sin wọ́n tán ni gbogbo èèyàn ń sọ fún mi pé kí n mọ́kàn le, pé àgbà ló lọ, pé ìnáwó là ń ṣe, a kì í sunkún. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹkún mi wà nínú mi síbẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan fi Solitude ránṣẹ́ sí mi, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Inú ọkọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, níwájú ilé, mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Mo sunkún débi pé ọlọ́dẹ àdúgbò wá kan gíláàsì. N ò fẹ́ kú, Sísítà. Ohun tí mò ń wá ni ẹnì kan tí kò ní sọ fún mi pé kí n mọ́kàn le. Ọkùnrin tó ń kọrin yẹn ò sọ ọ́.

Ẹ ṣí Orin Dáfídì 88. Inú òkùnkùn ló parí sí, kò sí ọpẹ́ kankan ní ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n fi í sínú Bíbélì.

Ibì kan wà tí mo ti gbà pẹ̀lú yín. Ẹni tó bá ń ronú àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀ lóòótọ́, n ò ní gbé Solitude fún un kí n sì máa bá tèmi lọ. Ẹni bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí èèyàn jókòó tì í, kí wọ́n sì mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Béèsì Mẹ́rin · 10:35 alẹ́

Ọ̀gànjọ́, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Sísítà, nǹkan kan wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ fún yín. Candlemass tí wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ, àjọ̀dún ìjọ ni, ọjọ́ kejì oṣù kejì, tí wọ́n fi ń rántí bí wọ́n ṣe gbé Jésù lọ sí tẹ́ḿpìlì nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Wọ́n máa ń súre sí àbẹ́là lọ́jọ́ náà. Trouble ti Chicago náà wà, ẹgbẹ́ doom kan tí àwo wọn ọdún 1984 kún fún ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́. Ọ̀nà orin yìí fẹ̀ ju agbárí iwájú àwo lọ.

Arìnlóru, ọ̀rẹ́ mi, ibi tí èmi pẹ̀lú rẹ ti pínyà ló kàn. O ní Längquist jẹ́ ènìyàn. Mo gbà. Messiah ńkọ́? Nígbà tó fi máa di Nightfall, Lars Johansson ti bọ́ sídìí gìtá, Jan Lindh sídìí ìlù, ẹgbẹ́ náà sì wá pé. Messiah wọ aṣọ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn jáde, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti àwọn olórin ópẹ́rà. Àwòrán iwájú àwo náà, Thomas Cole ló yà á lọ́dún 1842: arúgbó kan nínú ọkọ̀ ojú omi, áńgẹ́lì ń tọ́ka sí ìmọ́lẹ̀ fún un. Wọ́n mú orin ìsìnkú Chopin, wọ́n fi gìtá ta á. Samarithan tún wà níbẹ̀, orin ẹni tó ṣàánú arúgbó kan lójú ọ̀nà. Ọ̀fọ̀ tó ṣẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, inú yàrá kan ṣoṣo kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́. Ohùn tó máa kún kàtídírà ni wọ́n nílò. Messiah ló ní in.

Ará Uppsala · 11:02 alẹ́

Láti Swídìn ni mo ti ń kí yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé òtútù àti òkùnkùn ló ń hun orin níbí. Lóòótọ́, bí wákàtí mẹ́fà ni oòrùn ń ràn ní Stockholm lóṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà tí Epicus jáde, òru ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú rárá. Upplands Väsby, ní àríwá Stockholm, ni Candlemass ti jáde wá. Ìlú yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ Europe ti jáde, àwo wọn The Final Countdown sì bọ́ sójú ayé lóṣù karùn-ún ọdún 1986, bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Epicus. Ojú ọjọ́ kan náà, ìgboro kan náà. Àwọn kan hun orin tí gbogbo ayé ń jó sí, Edling hun Solitude. Ohun tó wà nínú ọkùnrin náà ni.

Ẹ̀gbọ́n Birmingham · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀

Iṣẹ́ òru ni mo ṣe, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka gbogbo yín ni. Ẹ kú iṣẹ́.

Níwọ̀n bí wọ́n ti dárúkọ Black Sabbath, ìlú tí mò ń gbé rèé. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi, onígìtá wọn, nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ níbi iṣẹ́ irin pẹlẹbẹ. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni nídìí gìtá, torí náà ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn ló ṣe léṣe. Ó yọ́ ike ìgò, ó fi ṣe fìlà sí orí àwọn ìka náà. Ó wá okùn tó fẹ́lẹ́, nígbà tó yá ó tún dẹ̀ wọ́n sílẹ̀ kó lè rọrùn fún un láti tẹ̀. Ìwúwo tí Okùn Mẹ́fà ń ṣàlàyé lánàá, ìka tó ń dun ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ohun tó bí i. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá ń kọjá níbi àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ yẹn.

Lọ́dún 2019, Iommi fúnra rẹ̀ ta gìtá sínú orin Candlemass kan, Astorolus, nínú The Door to Doom. Wọ́n yan orin náà mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Grammy ọdún 2020. Ta ló kọrin níbẹ̀? Johan Längquist.

Arìnlóru · 9:20 àárọ̀

Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ sinmi o.

Béèsì Mẹ́rin, mo sùn lé ọ̀rọ̀ rẹ. N ò fẹ́ ká máa jiyàn lórí èrò lásán nígbà tí ẹ̀rí wà nílẹ̀: wọ́n gba Under the Oak sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Längquist ló kọ tọdún 1986. Messiah kọ ọ́ sínú Tales of Creation lọ́dún 1989. Orin kan náà, ẹni kan náà ló hun ún, ọdún mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Mo fi etí sí méjèèjì láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta.

Tọdún 1989 mọ́ jù. Gbogbo gìtá dá dúró gedegbe, ìlù ń dún bí ìlẹ̀kùn irin. Messiah gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, ó fi hàn ọ́, ó fà á gùn títí wàá fi yẹ́ ẹ sí. Mo yẹ́ ẹ sí. Tọdún 1986 dà bíi pé wọ́n gbà á sílẹ̀ nínú ilé òkúta, eruku wà lára rẹ̀. Längquist kì í fa ọ̀rọ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá dé ìparí ìlà, ó máa ń jẹ́ kó bọ́. Àwọn ibi tó ti bọ́ yẹn ni mò ń wí. Messiah ń sọ ìtàn ẹni tó wà lábẹ́ igi óòkù fún mi. Längquist wà lábẹ́ igi náà.

Mi ò sọ pé tìrẹ ò dára. Tí mo bá fẹ́ kí orin gbé mi dìde, Nightfall ni. Tí mo bá fẹ́ kí ó jókòó tì mí, mo ti mọ èyí tí mo máa mú.

Béèsì Mẹ́rin · 10:04 àárọ̀

O gbá mi mú pẹ̀lú “ó máa ń jẹ́ kó bọ́” yẹn. Mo padà lọ gbọ́ ọ, òótọ́ ni, mi ò kíyè sí i rí. Síbẹ̀ mo dúró lórí tèmi pé Messiah ló sọ Solitude di ti gbogbo èèyàn. Gbọ́ èyí tó wà nínú àwo Live tọdún 1990. Àwọn èrò Stockholm ń bá a kọ ọ́. Orin àdánìkanwà, ogunlọ́gọ̀ ló ń kọ ọ́ pọ̀! Längquist ò sí níbẹ̀ láti ṣe ìyẹn fún wọn. Ó ti lọ sílé.

Àwo Dúdú · 10:41 àárọ̀

Ó lọ sílé, ó sì padà wá. Lọ́dún 2011, níbi àjọ̀dún Roadburn ní Tilburg ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, Candlemass ta gbogbo Epicus láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Längquist ló gbohùn síwájú wọn. Wọ́n gbé e jáde lẹ́yìn náà, ẹ wá a. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ti kọjá láti ìgbà tó kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ti nípọn sí i, ọkùnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ nínú Solitude wá dàgbà lójú wa.

Ọdún 2018 ló wá di ọmọ ẹgbẹ́ gan-an, ọdún 32 lẹ́yìn tó ti kọrin sínú àwo wọn àkọ́kọ́. Láàárín ìgbà náà, Messiah ti dé, ó ti lọ, ó padà dé, ó tún lọ. Thomas Vikström ti kọ, Robert Lowe ti Solitude Aeturnus ti kọ, Mats Levén náà ti kọ. (Ẹgbẹ́ Lowe yẹn, ẹ kíyè sí orúkọ rẹ̀, ará Texas ni wọ́n.) Mo fẹ́ràn gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé Längquist ti padà, mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́kọ́ fi àwo náà hàn mí, a ò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo kàn gbé fóònù sí ẹnu ẹ̀rọ, mo ta Solitude fún wọn.

Ọmọ Kúáyà · 7:26 alẹ́

Mo ti dé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánrawò kúáyà ni, gbogbo wọn ti lọ, mo jókòó sórí àga iwájú, mo fi nǹkan sí etí.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gànjọ́, ẹ ṣeun. Mo ka Orin Dáfídì 88 lánàá kí n tó sùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń kọ àwọn Sáàmù, n ò rántí pé wọ́n fún wa kọ ìyẹn rí. Ìyá mi ò tíì lo ọdún kan lọ́run, èmi náà ni wọ́n ń sọ fún pé kí n mọ́kàn le.

Mo gbọ́ Under the Oak méjèèjì bí Bọ̀ọ̀dá Arìnlóru ṣe sọ. Olóhùn ni Messiah, kúáyà wa ì bá gbà á lójú ẹsẹ̀! Ṣùgbọ́n ibi tí èkejì ti ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́, mo gbọ́ ọ. Olùkọ́ wa máa ń bá wa wí tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, pé èémí wa ò tó. Ti ọkùnrin yìí, kì í ṣe èémí.

Mo jẹ́ kó máa lọ dé ìparí àwo náà. Demon's Gate, mo fò ó, ẹ jọ̀ọ́. Nínú èyí tó kẹ́yìn, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó wọlé nígbà tí orin ń parí lọ, tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ látàná. Ta ni?

Àwo Dúdú · 7:33 alẹ́

Ẹ kú ìrójú ìyá o, àbúrò mi. Cille Svenson ni wọ́n kọ sẹ́yìn àwo. Àlejò ni òun náà.

Ọmọ Kúáyà · 7:35 alẹ́

Mo ń padà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn.